Wọ́n lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kó jókòó sórí àga ẹ̀, Ejiro Evero ní òun ò ṣe

Ọjọ́ kejì ọdún Kérésì, ọdún 2022, ni nǹkan dàrú nílé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Denver Broncos, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an ni Los Angeles Rams ti nà wọ́n ní ànàbolẹ̀, àmì ayò 51 sí 14. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ní kí kóòṣì àgbà wọn, Nathaniel Hackett, máa lọ sílé. Ìdíje 15 péré ló ṣe lórí àga ọ̀hún.

Àga ò sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tó jáde lásìkò náà ṣe sọ, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ pé kó wá ṣe adelé títí tí sáà yóò fi parí ni Ejiro Evero, ẹni tí àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ń ṣe olórí àwọn kóòṣì tó ń tọ́jú ẹ̀yìn fún wọn. Èsì tí Evero fún wọn ò gùn rárá: òun ò ṣe.

Kí ló dé? Hackett yìí kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀ lásán, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni látìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní yunifásítì, inú ikọ̀ kan náà ni wọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù. Hackett náà ló mú un wá sí Denver, tó fún un ní ipò tó ga ju gbogbo èyí tó ti dì mú tẹ́lẹ̀ lọ. Evero rò ó pé, bí wọ́n bá ti ọ̀rẹ́ òun jáde láàárọ̀, òun ò lè bọ́ sórí àga ẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbájú mọ́ àwọn ọmọ tó ń dènà, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gba òun. Jerry Rosburg, àgbà kóòṣì tó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, ni wọ́n wá gbé e fún.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń du ipò á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹlòmíì wà ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, tí wọ́n bá ní kó wá ṣe adelé ọ̀gá ẹ̀ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ tó ń rán agbádá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fi tó gbọ́.

Ta ni Ejiro Evero?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1981, ni wọ́n bí i nílùú Colchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó wà lọ́mọdé ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, ìlú Rancho Cucamonga, ní Ìpínlẹ̀ California, ló sì dàgbà sí. Orúkọ Ejiro tó ń jẹ́ yìí, àwọn Ùròbò tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta ló máa ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀, ìyìn ni ìtumọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tó bí i, inú iṣẹ́ tó ń ṣe yìí náà sì ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń jẹun bí ẹni máa kú.

Bọ́ọ̀lù tó rí bí èso kòkó

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tiwa ńbí. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi gbé e, bọ́ọ̀lù ọ̀hún ò sì rí róbótó, ṣe ló gùn gbọọrọ, tó ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì, bí èso kòkó tó so sára igi nínú oko Ìjẹ̀ṣà. Èèyàn mọ́kànlá ló ń wà lórí pápá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ kan á máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ìkejì á máa dènà fún wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù láyè láti fi rin yáàdì mẹ́wàá, yáàdì kan náà tí àwọn aláṣọ fi ń wọn ánkárá fún oníbàárà. Bí wọ́n bá rìn ín pé, wọ́n á tún fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e wọlé onílé. Àmì ayò mẹ́fà nìyẹn. Bí wọn ò bá lè rìn ín pé, wọ́n á yọ̀ǹda bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ kejì.

Àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ kọ́ ló ń dènà o. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀tọ̀ sì ni kóòṣì wọn. Ẹni tó jẹ́ olórí fún àwọn tó ń dènà ni ipò Evero. Òun ló máa sọ bí gbogbo wọn ṣe máa tò, ẹni tí yóò lọ bá ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tí yóò dúró sẹ́yìn. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló gbọ́dọ̀ ti pinnu, rédíò kékeré kan sì wà nínú akoto ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé etí onítọ̀hún. Bó bá ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ayé ló máa rí i.

Ní Òṣogbo, wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara wọn pé kí ni wọ́n ń pè ní dídènà. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin láti Ìlọrin ti dé ẹnu odi ìlú náà. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ló wá kún wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dá àwọn ẹlẹ́ṣin náà dúró síbẹ̀, wọn ò lè rọ́ wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ẹni tó dènà náà jagun, bí kò tilẹ̀ gba ìlú ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ò gùn, iṣẹ́ ẹ̀ ló gùn

Ní yunifásítì UC Davis, ní California, ni Evero ti gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún 2000 sí 2003. Ipò tí wọ́n fi í sí ni ti ẹni tó máa ń dúró sẹ́yìn pátápátá, tó jẹ́ pé bí ọ̀tá bá ti kọjá lára ẹ̀, ó parí nìyẹn. Níbẹ̀ ni òun àti Hackett ti pàdé.

Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń sanwó ńlá máa ń jókòó láti ṣa àwọn ọmọ tó bá ń jáde ní yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣà wọ́n lọ́dún 2004, wọn ò mú Evero. Oakland Raiders ló ní kó máa bọ̀ wá gbìyànjú, ó lọ bá wọn ṣe ìgbaradì, ṣùgbọ́n kò rí àyè gbá ìdíje gidi kankan fún wọn. Bí ti pápá ṣe parí fún un nìyẹn, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ẹlòmíì á gba ilé lọ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Evero padà sí UC Davis, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ní 2005 àti 2006. Ní 2007 ló wọ Tampa Bay Buccaneers, iṣẹ́ tí kò lórúkọ ni wọ́n sì gbé fún un: kó máa wo fídíò ìdíje àwọn ọ̀tá, kó máa ka iye ìgbà tí wọ́n ṣe báyìí àti iye ìgbà tí wọ́n ṣe báyẹn, kó wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Iṣẹ́ ẹni tó ń dé kí àwọn tó kù tó dé ni, òun náà ló sì máa ń lọ kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó bá pàdé níbẹ̀. Monte Kiffin, ògbóǹtarìgì nínú kí á dènà, ni ọ̀gá wọn lẹ́yìn. Hackett ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà wà níbẹ̀ lọ́dún 2007. Lọ́dún 2008, ọmọkùnrin kékeré kan wọlé sí ọ́fíìsì àwọn tó ń kọlù, Sean McVay lorúkọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé McVay yìí àti Hackett yìí ni wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún Evero lọ́jọ́ iwájú. Bó o bá ṣe hùwà nígbà tó ò jẹ́ nǹkan kan, òun ni wọ́n máa fi rántí ẹ nígbà tí ọwọ́ wọn bá tẹ eku idà.

Ó ṣe ọdún kan ní yunifásítì Rhode Island ní 2010, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ San Francisco 49ers láti 2011 sí 2015. Níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ gbé e lọ bá àwọn tó ń kọlù fún ìgbà kan, ó sì rí bí olè ṣe ń ronú kó tó padà wá ṣọ́ ilé. Vic Fangio ló ń ṣe olórí ẹ̀yìn fún wọn nígbà náà. Ọgbọ́n Fangio ni pé kí gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn dúró bákan náà ní gbogbo ìgbà, kí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù má rí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, àfi ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ayò ta á mọ irú ọgbọ́n yẹn: ọmọ ayò pọ̀ níkùn ilé kan, ojú ò sì jẹ́ kí ọ̀tá mọ ilé tó fẹ́ kó.

Àwọn ọmọ Yorùbá nínú iṣẹ́ ọ̀hún

Oṣù Kejì, ọdún 2013, ni Evero kọ́kọ́ dé Super Bowl, ìdíje àṣekágbá tí gbogbo Amẹ́ríkà máa ń jókòó wò. Àwọn 49ers àti Baltimore Ravens ló pàdé, Ravens sì borí, 34 sí 31. Nínú àwọn tó gbé ife lọ lọ́jọ́ náà ni Brendon Ayanbadejo, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ Yorùbá.

Òun nìkan kọ́ o. Kabeer Gbaja-Biamila, ọmọ ìdílé Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ ní Green Bay Packers lọ́dún 2000, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́rin àti ààbọ̀ (74.5) ni wọ́n kà sí i lọ́rùn pé ó gbé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ náà nígbà tó fi kúrò níbẹ̀ ní 2008. Adewale Ogunleye náà wà níbẹ̀, wọn ò ṣà á rárá lọ́dún 2000 bí wọn ò ṣe ṣa Evero, àmọ́ nígbà tó fi máa di 2003, ó ti gbé ọ̀tá ṣánlẹ̀ nígbà 15 láàárín sáà kan fún Miami Dolphins. Gbogbo àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí, iṣẹ́ ìdènà ni wọ́n ṣe.

Bó ṣe gba ife

Evero ṣe ọdún kan pẹ̀lú Green Bay ní 2016, lábẹ́ bàbá kan tó ń jẹ́ Dom Capers. Lẹ́yìn náà, McVay tí wọ́n jọ wà ní Tampa di kóòṣì àgbà fún Los Angeles Rams ní 2017, ó sì ránṣẹ́ pè é. Àwọn tó ń dúró sẹ́yìn pátápátá, ipò tí òun fúnra ẹ̀ gbá, ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́.

Oṣù Kejì, ọdún 2019, wọ́n dé Super Bowl. Àwọn ará ẹ̀yìn Rams ò jẹ́ kí New England Patriots gbà ju àmì ayò 13 lọ, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni àwọn tó ń kọlù fún Rams rí gbà. Ẹ̀yìn ṣe tiẹ̀, iwájú já a kulẹ̀. Ní 2020, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú gbogbo ìdíje náà tí àmì ayò tí wọ́n gbà sínú kéré tó ti Rams.

Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022, ọ̀rọ̀ di pàjáwìrì. Àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá fún Rams fara pa, ìdíje tó le jù sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n bá tẹ Eric Weddle láago, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ jókòó sílé láti nǹkan bí ọdún méjì. Weddle wọṣọ, ó bá wọn gbá a títí dé àṣekágbá. Ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, Rams lu Cincinnati Bengals, 23 sí 20, wọ́n sì gba ife. Evero ló ń ṣe kóòṣì gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ lọ́dún náà.

Ìyà Denver àti ìyà Carolina

Ìgbà yẹn ni Hackett di kóòṣì àgbà ní Denver, ó sì mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ dání. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú ìdíje náà lọ́dún 2022, kò sí èyí tí àmì ayò tó gbà kéré tó ti Denver. Àwọn ará ẹ̀yìn tí Evero ń tọ́jú ló ń gbìyànjú láti bo àṣírí, títí di ọjọ́ Kérésì tí ẹ̀yìn náà fi ya, tí Rams tí Evero ti kúrò lọ́dọ̀ wọn sì da 51 bò wọ́n.

Lẹ́yìn tó kọ àga ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò jọ pé ó ba nǹkan jẹ́ fún un. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló ń wá kóòṣì àgbà nígbà tí sáà yẹn parí, márààrún ló sì pè é wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, títí kan Denver fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó gbà á. Àwọn kan ní tó bá ti ṣe adelé ni, bóyá wọn ì bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà níbẹ̀, nítorí láti 2003 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ Rooney pè ti ní kí wọ́n máa pe àwọn aláwọ̀ dúdú fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àmọ́ pé ká pe èèyàn wá sọ̀rọ̀ kì í ṣe pé ká gbé àga fún un. Bó bá sì ṣe ti àwọ̀ ni, DeMeco Ryans, aláwọ̀ dúdú, tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, tó sì ṣe kóòṣì ẹ̀yìn bíi tiẹ̀, ni Houston Texans mú lọ́dún yẹn kan náà.

Carolina Panthers, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún ọ̀hún, ló ní kó wá máa tọ́jú ẹ̀yìn fún àwọn ní 2023. Bàbá Dom Capers tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ní Green Bay tẹ̀ lé e lọ, ó wá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọmọ tó kọ́. Lọ́dún náà, Carolina jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì lé kóòṣì àgbà. Síbẹ̀, iye yáàdì tí ọ̀tá rìn lórí wọn kéré débi pé ẹ̀yìn Evero wà ní ipò kẹrin nínú 32.

Ọdún 2024 ló wá korò bí ewúro. Ìdíje àkọ́kọ́ ni Derrick Brown, òpómúléró wọn lẹ́yìn, ti fara pa ní orúnkún, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà fi parí. Nígbà tí wọ́n máa ka iye tí Carolina gbà sínú, ó di 534. Látọjọ́ tí wọ́n ti dá ìdíje ọ̀hún sílẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì gba tó bẹ́ẹ̀ nínú sáà kan. Orúkọ Evero ni wọ́n ń nà káàkiri, ọ̀pọ̀ ló ní kí wọ́n lé e kó máa lọ.

Àwa ará Ọ̀ṣun náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kóòṣì. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, kó ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, Cameroon nà wọ́n 3 sí 1, ọ̀rọ̀ wá di ti ẹjọ́. Wọ́n tún ké sí i fún ife àgbáyé ní 2002, góòlù mẹ́ta péré ni wọ́n jẹ nínú ìdíje mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọn ò kọjá ìpele àkọ́kọ́, èébú náà sì ni. Ọjọ́ tó bá dáa, agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbé sórí. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, kóòṣì ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n Dave Canales, kóòṣì àgbà Carolina, ò lé Evero. Ó ní kó dúró. Brown padà dé, àwọn ará ẹ̀yìn gbọ̀n eruku nù, nígbà tí sáà 2025 sì máa fi parí, Carolina ti gba ipò kìn-ín-ní nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ wà lápá gúúsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje mẹ́jọ ni wọ́n borí nínú 17. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026, wọ́n pàdé Rams, àwọn tí Evero bá gba ife. Ó kù díẹ̀ kí ìdíje parí ni Rams fi kọjá wọn, 34 sí 31. Iye yìí kan náà ni wọ́n fi gba Super Bowl lọ́wọ́ àwọn 49ers níṣojú ẹ̀ lọ́dún 2013.

Bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí sáà yẹn parí, ọkùnrin náà ti pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, kò sì tíì jókòó sórí àga kóòṣì àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ bú u á ní ọjọ́ tí wọ́n gbé àga fún un ní Denver ló ti ta á nù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, balógun tó ṣíwájú àwọn Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ògèdèǹgbé ò jẹ Ọwá. Oyè Ọbańlá ló jẹ ní 1898, orí ẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 1910. Àwọn Ọwá tó jẹ lásìkò náà, ó dìgbà tí àwọn àgbà bá ka ìtàn kí ọ̀pọ̀ ọmọdé tó mọ orúkọ wọn. Ti Ògèdèǹgbé, ọmọ tó ń lọ síléèwé ní Iléṣà á dá a fún ọ láìwo ìwé. Ẹni tó bá ṣọ́ ẹnu odi, tí kò sì da ọ̀rẹ́ ẹ̀, orúkọ tiẹ̀ ò ní sọnù.